Bí Ẹ Ṣe Máa Lọ sí Sare, Abúlé Àwọn Basque Lórí Ààlà Faransé àti Sípéènì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí Sare, torí ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè La Rhune ni wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n á gùn ún láàárọ̀, wọ́n á ya fọ́tò lókè, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti padà sétíkun lọ jẹun. Kò burú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dé Sare nìyẹn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ sun òru méjì ó kéré tán nínú abúlé náà, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gba inú igbó kọjá ààlà dé Zugarramurdi, abúlé kan lápá Sípéènì. Sare wà ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè tí àwọn Basque ń pè ní Lapurdi, nǹkan bíi kìlómítà 14 sí ìlú etíkun Saint-Jean-de-Luz. Ilẹ̀ Sípéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Àwọn Basque ti wà lórí òkè wọ̀nyí kí Faransé àti Sípéènì tó fi ìwé pín in, èdè kan náà ni wọ́n sì ń sọ lápá méjèèjì. Ọmọ Ìmẹ̀kọ tó ní ẹbí ní Kétu kò nílò kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààlà yẹn gan-an lèmi rí pé ó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ lọ: níbì kan ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti kọjá rẹ̀, níbòmíràn wọ́n á dá yín dúró béèrè ìwé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ tọ́jú ìwé ìrìnnà, kí ẹ sì máa gbé e kiri

Físà Schengen kan ṣoṣo ló bo Faransé àti Sípéènì. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò rẹ̀, yálà Èkó ló ti ń bọ̀ tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì tàbí green card ti Amẹ́ríkà kò dúró fún físà. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa sùn sí jù ni kẹ́ ẹ ti béèrè. Bó bá jẹ́ pé òru mẹ́ta ni ti Sare, tí Bilbao jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀dọ̀ Faransé ni; bó bá jẹ́ òdìkejì, ọ̀dọ̀ Sípéènì ni. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ €90. Íńṣọ́ránsì ìrìn àjò yín gbọ́dọ̀ lè san €30,000 ó kéré tán. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ẹ má sì jẹ́ kó ku ọjọ́ 15 kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé físà tó wà fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan á bàjẹ́ tí wọ́n bá rìn wọ Sípéènì tí wọ́n tún padà sí Faransé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú Schengen lẹ ṣì wà látìgbà tẹ́ ẹ ti balẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde kúrò nínú Schengen pátápátá ni wọ́n kà sí ìjáde.

Ọmọ wa tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180. Àmọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù níbi tí wọ́n bá ti wọlé, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ tí ẹ bá ní ọkọ̀ míì láti wọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn òyìnbó kì í kọ. Láti ọdún 2015 ni Faransé ti dá àyẹ̀wò padà sí ààlà rẹ̀, ibùdókọ̀ Hendaye ní Faransé àti ọ̀nà tó ti Irun ní Sípéènì wá sì wà lára ibi tí ọlọ́pàá máa ń dúró sí. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ọmọ Áfíríkà ń gbà kọjá láti Sípéènì. Àwọn kan ti kú sínú odò Bidasoa, tó wà láàárín ìlú méjèèjì, níbi tí wọ́n ti fẹ́ wẹ̀ é kọjá. Èèyàn dúdú ni wọ́n sábà máa ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ ní tirẹ̀. Kò dùn mọ́ni, àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹ má fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, kódà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rin inú igbó. Fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù kò tó. Ẹ fi ìwé ibi tẹ́ ẹ sùn sí mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì dáhùn ní pẹ̀lẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú àkókò

Ìparí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án, lèmi yóò mú. Oṣù keje àti ìkẹjọ, èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Láàárín òtútù, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ sì ti ìlẹ̀kùn pa.

Àwọn ọjọ́ kan wà tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn. Ọdún abúlé Sare máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹsàn-án: ijó, orin, eré bọ́ọ̀lù orí ògiri, àti oúnjẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní Zugarramurdi, ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń jẹ zikiro-jate, ìyẹn àsè ẹran àgùntàn tí wọ́n kàn mọ́ igi tí wọ́n sì tò yí iná ká. Bí oṣù kẹwàá bá dé, àwọn ẹyẹlé igbó á máa fò kọjá sí gúúsù, àwọn ọdẹ á sì ta àwọ̀n dè wọ́n ní ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín òkè méjì. Ìran tó dùn ún wò ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá máa rin inú igbó lásìkò yẹn, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò. Ìbọn ń dún.

Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ nígbàkígbà. Ohun tó mú kí òkè wọn tutù yọ̀yọ̀ nìyẹn. Aṣọ òjò kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rò lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ gba ọ̀nà tó bá yín lára mu

Láti Paris, ẹ wọ TGV, ọkọ̀ ojú irin ayára, ní ibùdókọ̀ Montparnasse. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé ló máa gbà dé Saint-Jean-de-Luz. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òfurufú wà tó ń lọ sí Biarritz àti Bilbao. Ti Biarritz ló súnmọ́ jù, ti Bilbao ló sì sábà máa ń pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹni tó bá gba Bilbao á wọ bọ́ọ̀sì dé Donostia, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní San Sebastián; níbẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré ti Euskotren, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Topo, títí dé Hendaye. Ibi tó dúró sí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Faransé. Ẹ wọ ti Faransé, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kẹ́ ẹ tó dé Saint-Jean-de-Luz.

Nínú odò Bidasoa, láàárín Irun àti Hendaye, erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Àwọn Ẹyẹ Fẹ́sáǹtì. Orí rẹ̀ ni Faransé àti Sípéènì ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1659. Títí dòní, oṣù mẹ́fà ni Faransé fi ń ṣàkóso rẹ̀, Sípéènì á gbà á fún oṣù mẹ́fà tó kù. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn gúnlẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè dúró létí odò wò ó.

Láti Saint-Jean-de-Luz, bọ́ọ̀sì Txik Txak ń lọ sí Sare, ó ń gba Ascain àti Col de Saint-Ignace kọjá. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, pàápàá ti ọjọ́ Àìkú àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá pàdánù èyí tó kẹ́yìn, takisí ló kù fún un. Ẹni tó bá háyà mọ́tò, kó sọ fún wọn pé òun máa wọ Sípéènì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ 4: Kẹ́ ẹ tó sanwó ibùsùn, ẹ béèrè àdúgbò

Sare kò kóra jọ sójú kan. Àárín abúlé wà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngán ìlú àti ilé oúnjẹ wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àdúgbò bíi Ihalar àti Lehenbiscay tó fọ́n ká sáàárín oko. Ilé àgbẹ̀ tí wọ́n fi gba àlejò nínú àwọn àdúgbò yẹn dára púpọ̀, ẹ ó sun oorun tí kò sí ariwo mọ́tò, agogo ọrùn àgùntàn ni yóò jí yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá ní mọ́tò, tẹ́ ẹ sì jẹun alẹ́ láàárín abúlé, ẹ máa rin ọ̀nà tí kò ní iná padà. Ẹni tí kò ní mọ́tò, àárín abúlé ni kó sùn sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀sán àkọ́kọ́, ẹ kí ènìyàn, kẹ́ ẹ sì wo ilé

Ìkíni ló ṣáájú níbẹ̀ bíi tiwa. Ẹ má wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye ọjà láìkí ẹni tó jókòó. Bonjour tó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ pé egun on láàárọ̀, arratsalde on lọ́sàn-án, àti gabon lálẹ́, ojú wọn á yàtọ̀. Milesker ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lápá Sare. Nínú èdè Basque, x ni ṣ tiwa, z sì ń dún bí s, nítorí náà orúkọ tó dà bí ẹni pé ó le máa ń rọrùn fún ẹnu Yorùbá ju fún ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Faransé kò fún èdè yẹn ní ipò èdè ìjọba. Ní apá Navarra, agbègbè Sípéènì tẹ́ ẹ máa rìn wọ̀ tó bá yá, ó ní i.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn káàkiri, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Ògiri funfun ni ilé wọn ní, igi tó hàn lára rẹ̀ àti fèrèsé onípákó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ màlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ìlà oòrùn ni iwájú àwọn ilé àtijọ́ sábà máa ń kọjú sí. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí òkun, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti òjò ti ń wá. Ẹ súnmọ́ òkúta tó wà lórí ilẹ̀kùn. Lára àwọn kan, ẹ máa rí orúkọ ọkọ àti ìyàwó tó kọ́ ilé náà, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, tí wọ́n fi òòlù gbẹ́ ẹ sínú òkúta, lẹ́tà kan há sínú òmíràn nítorí àyè tí kò tó.

Ilé ló ń fún ènìyàn lórúkọ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ìdílé lè kó jáde, kí òmíràn kó wọlé, orúkọ ilé kò ní yí padà, òun ni wọ́n á sì máa fi pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àkọ́bí ló ń jogún ilé lódidi, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, wọn kì í pín in. Àwọn àbúrò a wá ọ̀nà mìíràn: òmíràn di àlùfáà, òmíràn di atukọ̀, ọ̀pọ̀ sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí Argentina tàbí lọ da àgùntàn ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè rí bí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe rí ní Ortillopitz, ilé àgbẹ̀ kan láti 1660 tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Ẹran ọ̀sìn wà nísàlẹ̀, ènìyàn wà lókè, koríko gbígbẹ wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ wo bí igi òpó rẹ̀ ṣe nípọn tó.

Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Martin wà láàárín abúlé. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ máa rí ìpele onípákó mẹ́ta tó yí ògiri ká. Àwọn ọkùnrin ló ń jókòó lókè yẹn, àwọn obìnrin a wà nísàlẹ̀, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní àyè tirẹ̀, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń sin òkú nígbà kan. Axular, àlùfáà tí àwọn Basque kà sí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn tó tóbi jù, ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí títí ó fi kú ní 1644. Apá Sípéènì ni wọ́n ti bí i, ní Urdazubi. Nínú ìtẹ́ òkú tó wà níta, ẹ máa rí òkúta ibojì tí orí wọn rí roboto bí ìdérí ìkòkò, tí wọ́n gbẹ́ àmì oòrùn àti àgbélébùú sí lára.

Tí ariwo bá ń dún ní gbàgede, eré pelota ni wọ́n ń ṣe. Ògiri gíga kan ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù líle mọ́, nígbà míì ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹ jókòó wò ó, àwọn àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ṣàlàyé, bẹ́ ẹ bá gbọ́ Faransé.

Ìgbésẹ̀ 6: La Rhune, bí ojú ọjọ́ bá gbà

Òkè tó ga ní mítà 905 ni, Larrun lorúkọ rẹ̀ ní èdè Basque. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ní gbàgede Sare wò ó. Bí ìkùukùu bá bo orí rẹ̀, ẹ fi owó yín sápò, ẹ lọ sínú ihò àpáta dípò rẹ̀. Lókè nínú ìkùukùu, kò sí òkun, kò sí òkè, ẹ ò sì ní rí ẹsẹ̀ ara yín dáadáa.

Col de Saint-Ignace, kìlómítà mẹ́ta sí Sare, ni ọkọ̀ ti ń gbéra. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1924. Pákó ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, aṣọ títa ló wà lójú fèrèsé rẹ̀, irin eléyín kan sì wà láàárín ojú irin tó ń di ọkọ̀ mú kó má baà yọ̀ padà. Kìlómítà 4.2 ló ń rìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Láàárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ló máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ mú ọkọ̀ àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá le lè gun un lọ kó sì fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà ní òkúta púpọ̀, bó bá sì rọ̀jò, ó ń yọ̀.

Lọ́nà, ẹ máa rí pottok, ẹṣin kúkúrú onírun gbọọrọ tó ń dá jẹ̀ lórí òkè. Ó dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ni wọ́n wà. Ẹ má fún wọn ní búrẹ́dì, ẹ má sì bọ́ sẹ́yìn wọn. Lókè pátápátá, ààlà gba orí òkè kọjá: ẹ máa mu kọfí nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Sípéènì, kẹ́ ẹ tó padà sínú ọkọ̀ tó wà ní Faransé. Ọwọ̀n òkúta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń rántí pé Eugénie, ìyàwó Napoleon Kẹta, gun òkè yẹn ní 1859. Ẹ mú súwẹ́tà dání, kódà nínú oṣù keje.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ rìn wọ Sípéènì

Ọjọ́ yìí ni mo torí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Ẹ kúrò nílé láàárọ̀. Ẹ mú omi, búrẹ́dì àti wàràkàṣì, bàtà tó di ilẹ̀ mú, aṣọ òjò, àti ìwé ìrìnnà yín.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ihò àpáta Sare, tí wọ́n ń pè ní Lezea, kìlómítà mẹ́fà sí méje sí àárín abúlé ní gúúsù. Mọ́tò ń dé ibẹ̀. Àlejò kì í dá wọ inú rẹ̀, ẹni kan ló ń mú yín rìn káàkiri fún bíi wákàtí kan. Òtútù rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 14°C lọ láti January dé December.

Láti ibẹ̀, ẹ wá àmì ẹṣin aláwọ̀ búlúù. Wọ́n fi kun ara igi àti òkúta, ó so ihò àpáta Sare pọ̀ mọ́ ti Zugarramurdi àti ti Urdazubi. Ẹ máa tẹ̀ lé e. Ó ń gba inú igbó kọjá, ó ń gba etí pápá àgùntàn, ó sì ń fo odò kéékèèké. Wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé, ẹ ti dé Zugarramurdi.

Ààlà kò ní pariwo. Kò sí ahéré aṣọ́bodè, kò sí okùn, kò sí ẹni tó máa béèrè pé kí lẹ gbé. Ohun tẹ́ ẹ lè rí ni òkúta ààlà, òkúta kúkúrú tó ní nọ́ńbà lára. Àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní Bayonne ní 1856 ló bẹ̀rẹ̀ títò wọ́n. 602 ni gbogbo wọn láti Bidasoa títí dé Òkun Mẹditaréníà. Ẹ lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí Faransé, kẹ́ ẹ fi tòsì sí Sípéènì, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe.

Igbó yìí ni ilé iṣẹ́ fàyàwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tábà, kọfí, ọtí, bébà, kódà pottok alààyè, ló ń gba ibẹ̀ kọjá lóru. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń pè é, ojú tí wọ́n sì fi ń wò ó kò yàtọ̀ sí ojú tí ará Ìdìròkò fi ń wo ẹni tó kó ìrẹsì wọlé: ìjọba ló kà á sí ọ̀daràn, àwọn ará ilé kà á sí ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó mọ ọ̀nà fàyàwọ́ lórí òkè wọ̀nyí ló mú àwọn awakọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí Jámánì ń wá kọjá sí Sípéènì. Florentino Goikoetxea lókìkí jù nínú wọn. Nígbà tí àyẹ̀wò ẹrù kúrò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 1993, iṣẹ́ náà parí.

Ní Zugarramurdi, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ihò àpáta. Kì í ṣe ihò tóóró. Odò kékeré kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Infernuko Erreka, ló gbẹ́ ẹ gba inú òkè kọjá. Ó gùn tó nǹkan bíi mítà 120, ó ga, ó fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ìhà méjèèjì, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ pé àwọn àjẹ́ ti ń ṣèpàdé.

Ìtàn rẹ̀ burú, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí. Ní 1608, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti ń gbé lápá Faransé padà sí Zugarramurdi. Ó ní òun ti bá àwọn àjẹ́ ṣe níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn aládùúgbò. Ìbẹ̀rù yìí pẹ̀lú gba ọ̀nà igbó kọjá, kò sí aṣọ́bodè tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Lápá Faransé, adájọ́ Pierre de Lancre ń dáná sun àwọn ará Lapurdi ní 1609. Lápá Sípéènì, ilé ẹjọ́ ìjọ tí wọ́n ń pè ní Inquisition kó àwọn ènìyàn lọ sí Logroño. Ní oṣù kọkànlá 1610, wọ́n dáná sun mẹ́fà láàyè, wọ́n sì sun ère àwọn márùn-ún tó ti kú sẹ́wọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Alonso de Salazar Frías, kò sinmi. Ó lọ káàkiri àwọn abúlé, ó fọ̀rọ̀ wá ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn lẹ́nu wò, ó sì kọ̀wé pé òun kò rí ẹ̀rí kankan. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wọn. Nítorí ìwé rẹ̀, láti 1614 ni Inquisition ti Sípéènì ti ṣíwọ́ sísun ènìyàn fún àjẹ́, nígbà tí ibi púpọ̀ ní Yúróòpù ṣì ń bá a lọ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ta ọmọláńgidi àjẹ́ orí ìgbálẹ̀ báyìí. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ẹ jẹun ọ̀sán ní Zugarramurdi. Níbẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń jẹun dáadáa. Ní Sare, tí ẹ bá dé ilé oúnjẹ lẹ́yìn aago méjì, wọ́n á ní ó ti tán. Kí ẹ gbéra padà ó pẹ́ tán aago mẹ́rin, torí òjìji igbó máa ń tètè ṣú.

Ìgbésẹ̀ 8: Oúnjẹ

Axoa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè: ẹran ọmọ màlúù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n sè pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata. Ata Espelette ni wọ́n fi ń yangàn lágbègbè yìí, ó ti ní ìwé àṣẹ orúkọ láti ọdún 2000, wọ́n sì máa ń so ó kọ́ sára ògiri ilé lásìkò ìkórè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò ta. Òórùn rẹ̀ dára, àwọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí rodo á gbé ata tirẹ̀ dání.

Wàràkàṣì wàrà àgùntàn, tí wọ́n ń pè ní ardi gasna, wọ́n ń fi jáàmù ṣẹ́rì dúdú jẹ ẹ́. Ẹ má kọ̀ ọ́. Àkàrà òyìnbó tiwọn, gâteau basque, oríṣi méjì ni: ti kọ́sítáàdì àti ti ṣẹ́rì dúdú. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ohun púpọ̀, pàápàá ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n máa ń rẹ́ sórí ẹyin tàbí sínú ọbẹ̀ láìsọ. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí, kó béèrè kí wọ́n tó gbé e wá, kó sì mọ̀ pé ẹja Saint-Jean-de-Luz dára jọjọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ìwà lórí òkè, àti ẹrù ìpadàbọ̀

Gèètì tẹ́ ẹ bá ṣí, ẹ tì í. Bẹ́ ẹ bá rí ajá funfun ńlá láàárín àgùntàn, ẹ má sáré, ẹ má ju òkúta, ẹ yà fún un gbọọrọ. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ yẹ ẹsẹ̀ yín wò fún eégbọn. 112 ni nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ lápá méjèèjì. Fóònù yín lè máa fò láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì Faransé àti Sípéènì. Ẹni tó ń lo síìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó wo iye tí wọ́n máa gbà.

Ní Dantxarinea, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti kọjá ààlà, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tò bẹẹrẹ. Tábà, ọtí, lọ́fíńdà àti epo mọ́tò ni àwọn ará Faransé ń wá rà níbẹ̀, torí ó dínwó. Ẹ ra ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò fúnra yín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Aṣọ́bodè Faransé lè dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń padà sí, ẹ má ra wàràkàṣì tàbí ẹran gbígbẹ kó sínú àpótí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọn kò ti gba ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, láti Yúróòpù wọlé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, wọ́n á gbà á dànù ní pápákọ̀. Ẹ jẹ wàràkàṣì yín tán ní Sare. Gâteau basque ni kẹ́ ẹ rà fún àwọn ará ilé, èyí tó ní ṣẹ́rì nínú.